Iyọ̀ Àjò Bangkok

Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, Yèyé, ìyá àgbà ilé wa, ṣì wà láyé. Bàbá Adépọ̀jù, àbúrò ọkọ rẹ̀, ṣì wà láyé, eyín rẹ̀ ṣì le débi tó fi ń jẹ àgbàdo sísun. Ìyá Rùkáyátù, ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń ta èlùbọ́ lẹ́nu ọ̀nà ilé wa ní Oǹdó, òun náà ṣì wà. Gbogbo wọn ti lọ. Àwa tó kù tí ojú wa rí i kò pọ̀ mọ́, bí mo sì ṣe ń sọ ọ́ yìí, ojú ṣì ń tì mí. Ilé tí wọ́n fi ń ṣe àpẹẹrẹ fún ọmọ ẹlòmíràn, ọmọ inú rẹ̀ ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ da ẹrẹ̀ sí i.

Akínlolú lẹni náà, àkọ́bí Yèyé. Ọ̀gá ni nílé iṣẹ́ ìjọba ní Alágbàká, ní Àkúrẹ́. Kí ni Ọlọ́run ò fún un? Ó nílé, ó lọ́kọ̀, ó nípò nínú ìjọ. Ọlọ́run tún fún un ní Monílọ́lá, ọmọ ìlú Oda, aránṣọ, obìnrin tí ará ilé kejì kò gbọ́ ohùn rẹ̀ rí. Nígbà tí Akínlolú ṣì ń kàwé kiri tí kò ní nǹkan kan, ẹ̀rọ ìránṣọ Monílọ́lá ló ń bọ́ wọn. Ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, Kìtán, ti wà ní Kánádà. Ṣùgbọ́n ọkùnrin mìíràn wà, tó bá ti yó tán, abọ́ tó fi jẹun ni yóò kọ́kọ́ fọ́.

Precious, ọmọ ẹ̀gbọ́n Monílọ́lá ọkùnrin tó ń dáko kòkó ní Bọ́lọ́rundúró, ń bẹ lọ́dọ̀ wọn nígbà náà. Ó ti jáde ní polí, ó ti sin ìjọba tán, kò ríṣẹ́. Monílọ́lá ló ní, "Máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi. Ibi tí mo bá ń jẹun sí, ìwọ náà á jẹun níbẹ̀." Precious wá. Ó ń pe Akínlolú ní Dádì. Dádì o! Ẹ dúró ná, ẹ ó gbọ́ irú Dádì tó jẹ́.

"Kí lo ní kí n fi súwẹ́tà ṣe? Ṣé o fẹ́ kí n yan bí ẹ̀pà ni?"

Ariwo Akínlolú ló gba pálọ̀ ní Àkúrẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Ó ti sọ nílé pé ọ́fíìsì ń rán òun lọ sí kọ́ọ̀sì ọlọ́jọ́ mẹ́rin lókè òkun. Monílọ́lá, tó rò pé gbogbo òkè òkun ló ń tutù bíi Kánádà ọmọ rẹ̀, lọ ra súwẹ́tà wá fún un.

"Ẹ má bínú, Dádì Kìtán. Mo rò pé òtútù..."

"Òtútù wo? Bangkok ni mò ń lọ! Olú ìlú àwọn ará Thailand! Oòrùn ibẹ̀ ju ti Àkúrẹ́ lọ! Abẹ́rẹ́ àti òwú nìkan lo mọ̀ láyé ẹ, òpè!"

Precious ń rẹ́rìn-ín lórí àga, fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Àǹtí, aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n ń wọ̀ níbẹ̀. Mo ti bá Dádì wo gbogbo ẹ̀. Òtẹ́ẹ̀lì wọn máa wà létí odò. Lọ́jọ́ kìíní wọ́n á sinmi. Lọ́jọ́ kejì wọ́n á lọ wo ààfin ọba. Lọ́jọ́ kẹta wọ́n á wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí ọjà kan tí wọ́n ti ń tajà nínú ọkọ̀. Lálẹ́, wọ́n á jẹ ẹja sísun ní títì."

Monílọ́lá gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀. "Kọ́ọ̀sì náà ń kọ́? Ọjọ́ wo ni wọ́n máa kọ́ ọ?"

Akínlolú wúkọ́.

"Ṣé ìwọ lọ̀gá mi lọ́fíìsì ni? Àbí ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi?"

Monílọ́lá tún mú abẹ́rẹ́ rẹ̀. Ṣebí lọ́dún yẹn náà ló rọra bi í pé, "Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tí a ti fẹ́ra ń bọ̀, ṣé a ò lè jọ jáde lọ síbì kan, kódà kó jẹ́ ọjọ́ méjì?" Èsì tó fún un rèé: "Kí n gbé ọ lọ síbo? Kí o lọ máa yọrí lójú fèrèsé bí ewúrẹ́ tí wọ́n ń gbé lọ sọ́jà?" Monílọ́lá gbé e mì. Ohun tí obìnrin yẹn gbé mì, bó bá jẹ́ omi ni, ì bá ti kún àmù.

Kò pẹ́ sí i, Precious gbé aṣọ olódòdó kan wá. "Àǹtí mi, ẹ bá mi rán gáùn méjì, kó fẹ́lẹ́. Ọ̀rẹ́ mi ń ṣègbéyàwó ní Abẹ́òkúta lọ́sẹ̀ tí Dádì ń lọ." Monílọ́lá wọ̀n ọ́n. Ó rán an. Ó fún ìbàdí rẹ̀ mọ́ra dáadáa kó lè dùn ún wò, ó tún fi àpò sí i láìjẹ́ pé wọ́n bẹ̀ ẹ́. Háà, ayé! Obìnrin fi ọwọ́ ara rẹ̀ rán aṣọ tí wọ́n fẹ́ wọ̀ jí ọkọ rẹ̀ gbé!

Ẹ jẹ́ kí n sọ àṣà ilé wa fún yín. Nílé wa, ẹni tó bá fẹ́ rékọjá òkun gbọ́dọ̀ wá lá iyọ̀ àjò lọ́wọ́ obìnrin tó dàgbà jù. Àwọn baba wa tó ń lọ ra iyọ̀ lọ́dọ̀ àwọn Ìlàjẹ létí òkun ló dá a sílẹ̀. Ẹni tó ń lọ nìkan ló ń lá a. Ẹni tó bá lá a tí kò lọ, ọ̀nà á máa pè é, ìdí rẹ̀ ò ní gbélé mọ́. Nígbà tí Kìtán ń lọ sí Kánádà, Precious wà níbẹ̀, ojú rẹ̀ ló ṣe. Ọjọ́ yẹn náà ni Bàbá Adépọ̀jù pìtàn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan tó fi iyọ̀ náà rẹ́rìn-ín, tí kò lá a, tó wọkọ̀ ojú omi ní Èkó, tí ẹnikẹ́ni ò gbúròó rẹ̀ dòní. Ìtàn náà wọ ọmọbìnrin yẹn lára. Bẹ́ẹ̀ ẹ̀rù ọkọ̀ òfúrufú ń bà á tẹ́lẹ̀! Bí ọ̀kan bá fò kọjá lórí ilé, á di ilẹ̀kùn mú.

Nígbà tí ìrìn àjò kù díẹ̀, Akínlolú gbé ìyàwó rẹ̀ wá sí Oǹdó láti wá lá iyọ̀. Precious ti jókòó sẹ́yìn ọkọ̀ kí wọ́n tó jáde.

"Sọ̀ kalẹ̀," Akínlolú wí. "Kí lo fẹ́ lọ ṣe?"

"Mo fẹ́ lọ kí Yèyé ni, Dádì."

"Mo ní kí o sọ̀ kalẹ̀!"

"Ẹ jẹ́ kó bá wa lọ," Monílọ́lá bẹ̀bẹ̀. "Yèyé fẹ́ràn ẹ̀."

Òun ló tún bẹ̀bẹ̀ fún un o!

Nígbà tí wọ́n dé, a kóra jọ sí pálọ̀ Yèyé. Yèyé jókòó, iyọ̀ wà nínú àwo kékeré lórí itan rẹ̀. Akínlolú kúnlẹ̀.

"Akín, níbo lò ń lọ?"

"Bangkok, Yèyé. Iṣẹ́ ìjọba ni."

"Ta ló ń bá ọ lọ?"

"Èmi nìkan ni."

"Kò sí ẹnì kejì?"

"Yèyé! Bí mo bá parọ́ fún yín, kí ojú tì mí níwájú gbogbo ìdílé mi!"

Ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ ọ́. Yèyé bu iyọ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, Akínlolú lá a, a ṣe àmín. Yèyé ń bo àwo náà nígbà tí Precious fi eékún wọ́ wá síwájú, ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì.

"Yèyé, ẹ fún èmi náà."

Bàbá Adépọ̀jù bú sẹ́rìn-ín. "Ìwọ tí ò ń lọ sí Abẹ́òkúta? Òkun wo ló wà lọ́nà Abẹ́òkúta? Àbí Odò Ògùn ti di òkun?"

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Precious kò rẹ́rìn-ín.

"Díẹ̀ péré, Yèyé. Ẹ jọ̀ọ́."

"Iyọ̀ yìí kì í ṣe ohun tí a ń fi ẹnu tọ́ wò, ọmọ mi. Bí o bá lá a tí o ò rékọjá òkun, o ò ní lè gbélé mọ́. Dìde."

Akínlolú ń fi ojú sọ̀rọ̀ sí i. "Precious, dìde! Ṣé orí ẹ pé ṣá?"

Ìgbà náà ni igbe bọ́ lẹ́nu rẹ̀! "Mi ò ní dìde! Ìwọ ti lá tìrẹ, o fẹ́ kí èmi kú sójú òfúrufú! Yèyé, ẹ má jẹ́ kí n kú! Ẹ fún mi, àwa méjèèjì la jọ ń lọ!"

Èmi fúnra mi wo ilẹ̀, nítorí n kò mọ ojú ẹni tí mo lè wò.

"Irọ́ ni!" Akínlolú fò dìde. "Ọmọ yìí ti ya wèrè!"

"Èmi ni wèrè?" Precious náà dìde. "Nígbà tí o ń sọ pé àwa méjì la jọ máa sùn sétí odò, mi ò ya wèrè nígbà yẹn! Nígbà tí o ní kò sí kọ́ọ̀sì kankan, pé ìyàwó ilé kò mọ Bangkok yàtọ̀ sí Bọ́lọ́rundúró, mi ò ya wèrè nígbà yẹn!"

"Pa ẹnu ẹ mọ́, aláìlójútì!"

"Ìwọ lo kọ́ mi!"

Ohun tí wọ́n fi oṣù púpọ̀ dì, wọ́n fi ẹnu ara wọn tú u kí omi tó hó. Monílọ́lá dìde. A rò pé yóò gbá a létí. Kò gbá a. Ó wo Precious láti òkè dé ìsàlẹ̀.

"Gáùn tí mo rán fún ọ," ó wí, "ṣé ó bá ọ mu?"

Precious bojú. Ó bẹ̀rẹ̀ sí sunkún.

"Mo bi ọ́, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Mo fún ìbàdí rẹ̀ mọ́ra. Ṣé ó mú ọ dáadáa?"

Monílọ́lá jáde lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Yèyé fi ọwọ́ bo ojú. "Akínlolú! Ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyàwó ẹ! Ẹni tó ń pè ọ́ ní bàbá! Kí lo fẹ́ kí n sọ fún ilé Oda? Ẹnu wo ni mo fẹ́ fi pe ìyàwó mi láti òní lọ?"

Lẹ́yìn èyí, bàbá Precious wá láti Bọ́lọ́rundúró. Àgbà ọkùnrin, ẹ̀gbọ́n Monílọ́lá, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja síwájú àbúrò rẹ̀ obìnrin. "Monílọ́lá, ọmọ mi ti sọ mí di aláìlórúkọ." Monílọ́lá sáré gbé e dìde, àwọn méjèèjì di ara wọn mú, wọ́n ń sunkún. Precious gbé àpótí rẹ̀ tẹ̀lé bàbá rẹ̀. Kò lọ sí Bangkok, kò sì padà sí Àkúrẹ́. Ẹ̀rù tó tú àṣírí rẹ̀ náà ló dá a dúró sílé.

Akínlolú ńkọ́? Agídí kì í gbọ́ ìkìlọ̀. Ó ní ẹnikẹ́ni ò ní fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ kí òun tún jókòó sílé. Òun nìkan ló wọkọ̀ lọ. Monílọ́lá dúró ti Yèyé ní Oǹdó.

Akínlolú ti dé ọ̀hún tán nígbà tí ọkọ̀ kan dúró lẹ́nu ọ̀nà wa. Àwọn òṣìṣẹ́ láti Alágbàká ni, wọ́n gbé búrẹ́dì, èso àti omi dání. Yèyé ń bó ẹ̀gúsí lọ́wọ́ lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Ẹ kú ilé o. A wá kí ìyá ọ̀gá wa tó ń ṣàìsàn ni."

"Ìyá ọ̀gá yín wo?"

"Ìyá ọ̀gá Akínlolú, Màmá. Wọ́n ní wọ́n ń gba ìsinmi láti wá tọ́jú ìyá wọn, pé ìyá náà ò lè dìde lórí ibùsùn."

Ẹ̀gúsí bọ́ lọ́wọ́ Yèyé. "Èmi ni ìyá rẹ̀. Bangkok ni Akín wà."

Àwọn àlejò ń wo ara wọn. Obìnrin kan nínú wọn gbé búrẹ́dì sílẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni tó jalè. Ìyá Rùkáyátù gbọ́ ọ níbi tó ti ń wọn èlùbọ́, oníbàárà rẹ̀ gbọ́ ọ. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, Alágbàká ti gbọ́ pé ọ̀gá kan fi àìsàn purọ́ mọ́ ìyá rẹ̀ nítorí ìgbádùn. Wọ́n kọ ìwé pè é kó wá ṣàlàyé, ìjọ sì mú orúkọ rẹ̀ kúrò láàárín àwọn àgbà.

Ṣùgbọ́n Yèyé ni ìtìjú náà pa. Ó wọ yàrá lọ́jọ́ yẹn, kò jẹun. "Ọmọ mi fi mí sórí ibùsùn níṣojú mi," ohun tó ń sọ nìyẹn. Monílọ́lá ń fi ṣíbí bọ́ ọ, Yèyé ń pa ẹnu dé. Dókítà wá, ó ní ẹ̀jẹ̀ ti ru. Wọ́n fẹ́ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, ó kọ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, fóònù Monílọ́lá dún. Akínlolú ni. A gbọ́ ariwo ọjà lẹ́yìn rẹ̀.

"Aṣọ sílíìkì wà níbí o! Bi Yèyé léèrè, pupa ló fẹ́ ni àbí aláwọ̀ ewé?"

Monílọ́lá gbé fóònù sétí ìyá ọkọ rẹ̀. Yèyé yí ojú sí ògiri. Monílọ́lá pa fóònù náà.

"Akín dà?" Yèyé béèrè nígbà tó pẹ́ díẹ̀.

"Ó ń bọ̀, Yèyé. Iṣẹ́ ló dá a dúró."

"Má bò ó mọ́, Monílọ́lá. O ti bò ó tó." Ó fa ọwọ́ rẹ̀ mọ́ra. "Adépọ̀jù, gbọ́ o, kí gbogbo ilé gbọ́. Ẹni tí mo bí wà lókè òkun. Ọmọ mi rèé. Òun ni kí ẹ bi léèrè bí ẹ bá fẹ́ ṣe ohunkóhun nípa mi. Kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ lé e kúrò nílé yìí."

"A gbọ́, Yèyé," Bàbá Adépọ̀jù dáhùn, omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

Monílọ́lá gbé orí ìyá náà lé itan ara rẹ̀, ó ń fi aṣọ tútù nu iwájú orí rẹ̀. Níbẹ̀ ni Yèyé gbé kú, kí oòrùn tó dé àárín ọ̀run. Àkọ́bí rẹ̀ ṣì wà ní ọjà Bangkok, ó ń yan àwọ̀ aṣọ fún un.