Bá Mi Ti Gbogbo Fèrèsé

"Olè ti pa mí, ọ̀gá," ni ọkùnrin tí wọ́n ń pè ní Onífèrèsé wí, kí ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ tó rí àga jókòó.

Yàrá iṣẹ́ náà kò ṣeé wò. Fèrèsé ṣí gbayawu, òjò ti da omi sórí tábìlì abẹ́ rẹ̀, ẹ̀rọ tó ń tọ́jú ẹ̀dà iṣẹ́ sì ti mumi yó. Kọ̀ǹpútà tó wà ní kọ̀rọ̀ kejì gbẹ ní tirẹ̀, àmọ́ iṣẹ́ inú rẹ̀ ti pòórá.

Iṣẹ́ wo? Ẹni tó ń lo kọ̀ǹpútà mọ̀ bí fèrèsé ṣe ń gorí ara wọn lójú rẹ̀, lẹ́tà lórí àwòrán, àwòrán lórí ìṣirò, títí orí èèyàn á fi dàrú. Onífèrèsé wá ọgbọ́n sí i: ó ń kó àwọn tó bára mu sínú yàrá kan náà lójú kọ̀ǹpútà, ti iṣẹ́ lọ́tọ̀, ti ilé lọ́tọ̀. Ojú rẹ̀ sì ń kú lọ. Dókítà ní ọdún yìí ò ní parí kó tó fọ́ pátápátá. Ohun kan ṣoṣo tó fẹ́ fi ojú yẹn ṣe parí nìyí.

"Alájọṣe mi ni kẹ́ ẹ mú. A jà lánàá."

Alájọṣe náà rẹ́rìn-ín kíkorò. "Mo ti mọ̀. Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Mo ní kí yàrá má pọ̀ jù, ó ní wọ́n gbọ́dọ̀ pọ̀. Ìjà ò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀dọ̀ ìyàwó mi tó ń rọbí ni mo wà látàárọ̀ kí ẹ tó pè mí wá." Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ pe nọ́ọ̀sì, òótọ́ ni.

Àbúrò Onífèrèsé, obìnrin tó máa ń bá a dán iṣẹ́ náà wò, ní òun ò débẹ̀ rárá. Ilẹ̀ ló ń wò bó ṣe ń sọ ọ́.

Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ padà sídìí kọ̀ǹpútà. Gbogbo yàrá wà níbẹ̀ pẹ̀lú orúkọ wọn, àmọ́ kò sí fèrèsé kankan nínú wọn.

"Béèyàn bá ti fèrèsé inú èyí ńkọ́?"

"Ohun inú rẹ̀ lọ nìyẹn. N ò tíì ṣe ibi ìpamọ́ sí i."

"Nígbà tí òjò ń ṣú, ta lẹ pè?"

"Àbúrò mi. N ò sí nílé, mo ní kó bá mi ti gbogbo fèrèsé yàrá mi."

Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ yíjú sí obìnrin náà.

"Olè ì bá gbé kọ̀ǹpútà lọ ni, tàbí kó pa àwọn yàrá náà rẹ́. Kò ní fi sùúrù ti fèrèsé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí wọ́n bẹ̀ níṣẹ́ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Nínú ilé yìí, bí wọ́n bá dárúkọ fèrèsé, ta ló ń rántí ti ara ògiri? Ẹ tì wọ́n tán, ẹ lọ, òjò wá wọlé. Àǹtí, bí ẹlẹ́jọ́ bá mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi, kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀."

Obìnrin náà ti kúnlẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, mo rò pé ẹ ti ṣe ibi ìpamọ́ náà. Ìgbà tí mo gbọ́ pé gbogbo ẹ̀ ti lọ, ẹ̀rù bà mí." Ó ń sunkún. "Ẹ máa sọ ọ́, kí n máa tẹ̀ ẹ́. A máa tún un ṣe."

Onífèrèsé na ọwọ́, ó wá orí obìnrin náà títí ó fi bà á.

"Ojú ni mo fi ń tò ó, àbúrò mi," ó ní. "Kì í ṣe ẹnu."