Okùn Tí Kì Í Nà

Ọ̀pá ìpẹja ni Muhydeen gbé wá sí ṣọ́ọ̀bù wa ní Bẹyẹrúnká, níbi tí èmi àti bàbá mi ti ń tún ẹ̀rọ ìránṣọ ṣe. Mo ní, "Ẹ ti ṣìnà o. Kò sódò níbí."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní tíṣà lòun, Òkè-Àdó lòun ń gbé, bàbá òun tó ti dolóògbé ló ni ọ̀pá náà. Òun ra okùn tuntun sí i, èyí tí wọ́n hun bí ẹní dirun, tó tín-ín-rín tó sì lágbára ju okùn ọ̀rá lọ. Ṣùgbọ́n ó ń já ṣáá.

Bí nǹkan bá ti rú mi lójú, ọwọ́ mi kì í gbé jẹ́ẹ́. Mo já òwú díẹ̀, mo fà á gba inú àwọn òrùka irin tí okùn ń gbà kọjá. Ní òrùka kẹta, òwú há.

"Ẹ wò ó, okùn yín ti gé ojú irin yìí. Irin náà ló wá ń gé okùn padà. Bí òwú ọ̀rá ṣe máa ń ba ẹ̀rọ ìránṣọ jẹ́ nìyẹn."

Ó tẹjú mọ́ mi. "Ta ló kọ́ yín?"

"Bàbá mi. Ẹ má wò mí mọ́, òrùka ni kẹ́ ẹ wò."

Mo pààrọ̀ òrùka náà. Lọ́sẹ̀ kejì ó tún dé: okùn ń yọ̀ lórí kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń ká a sí. Mo ní kó kọ́kọ́ ká okùn ọ̀rá díẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, kó lè rí nǹkan dì mú. Lọ́sẹ̀ kẹta, ẹ̀pà ló gbé dání.

"Kí ló tún ṣe okùn?"

"Adúmáradán, kò sóhun tó ṣe okùn. Èmi gan-an ni nǹkan ń ṣe."

Kí n má purọ́, mo ti fẹ́ràn rẹ̀ kó tó sọ bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n nígbà tó wá sọ pé òun fẹ́ fẹ́ mi, bàbá mi, Alhaji Àkíbù, kọ̀ jálẹ̀. "Ọmọ dáadáa ni, mo gbà. Ọkọ Muslimat ẹ̀gbọ́n rẹ náà rẹ́rìn-ín sí mi fún ọdún kan gbáko, kó tó fi lílù lé e padà wálé. Mi ò tíì rí ìbínú ọkùnrin yìí, Jamilah. Mi ò ní fọmọ fẹ́ni tí mi ò mọ ìbínú ẹ̀."

Mo sunkún títí. Báwo lèèyàn ṣe ń rí ìbínú ẹni tí kò bínú?

Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ okùn yẹn ń jẹ Bàbá náà lọ́kàn. Òun fúnra rẹ̀ ló ní ká jọ lọ sí odò Ẹlẹ́yẹlé lọ wò ó. Létí omi, Muhydeen ṣàlàyé: "Bàbá, okùn yìí kì í nà rárá. Ẹ jẹ́ kí bíréèkì kẹ̀kẹ́ ẹ̀ dẹ̀ díẹ̀, kẹ́ja lè máa fà á lọ. Tó bá le jù, ọ̀pá ló máa forí fá a."

Bàbá gbọ́. Ṣùgbọ́n ogójì ọdún ló ti fi ń de nọ́ọ̀tì ẹ̀rọ tó bá ti dẹ̀. Bí Muhydeen ṣe yíjú pé kó bu omi, Bàbá de bíréèkì náà pinpin. Ẹja ńlá kan gbé ìwọ̀, Bàbá fọwọ́ gbá okùn mú. Gbàù! Ọ̀pá kán sí méjì, okùn sì la àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

Ojú Muhydeen ni mò ń wò. Ó le. Ó fa ọ̀bẹ yọ, mo sún mọ́ Bàbá. Ó gé okùn, ẹja lọ. Ó kúnlẹ̀, ó wẹ ọwọ́ Bàbá, ó fi áńkáṣíìfù rẹ̀ dì í.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, sà. Ṣé kò jìn?"

Lẹ́yìn náà ló tó kó ọ̀pá náà jọ. Ojú rẹ̀ pọ́n. "Inú ń bí mi, sà. Òun nìkan ni bàbá mi fi sílẹ̀ fún mi. Ẹ jẹ́ n jókòó díẹ̀." Ó lọ jókòó sábẹ́ igi, títí ara rẹ̀ fi rọlẹ̀.

Bàbá ní kó jẹ́ kí òun gbé ọ̀pá náà lọ tún ṣe. Ọ̀sẹ̀ kan ló fi wá páìpù idẹ kan, ó sì fi so ọ̀pá náà pọ̀, tòun ti ọwọ́ dídì. Ó wá gbé e lé mi lọ́wọ́.

"Gbé e fún un. Sọ fún un pé kí ẹbí ẹ̀ máa bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé."

"Bàbá, ṣé ẹ ti wá rí ìbínú ẹ̀?"

"Mo rí i. Ọwọ́ mi ló kọ́kọ́ wẹ̀."