Ohùn Bàbá Akínọ̀ṣọ́ Tó Wà Nínú Díìsìkì

Bí Àníọlá bá ti jí láàárọ̀, kí ó tó bu omi bọ́jú, ohùn Bàbá Akínọ̀ṣọ́ ni yóò kọ́kọ́ gbọ́. Á tan kọ̀ǹpútà, á fi ẹ̀rọ ìgbọ́hùn sétí, á sì di ojú. Níta, ní Jákàńdè tí ó ń gbé, kẹ̀kẹ́ Márúwá ti ń pe èrò, ọkọ̀ sì ń hó lórí ẹ̀sípíréèsì bí ìgbì òkun. Ṣùgbọ́n ní etí Àníọlá, ọ̀sà ló tẹ́ rẹrẹ, ìkùukùu òwúrọ̀ sì bò ó.

"Tí o bá kọjá Ẹnu-Ìyanrìn," ni Bàbá ń wí, "rọra máa wa ọkọ̀. Ibùsùn Ẹja ni à ń pe ibẹ̀. Ẹja ń sùn nísàlẹ̀. Wọn ò gbọdọ̀ gbọ́ àjẹ̀ rẹ."

Apẹja ni Bàbá, ọmọ abúlé kan létí òkun ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kkí, ní ẹ̀gbẹ́ ibi tí èbúté ńlá wà báyìí. Kò sí ojú omi kan lágbègbè náà tí kò mọ orúkọ rẹ̀. Àníọlá gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ kí ó tó kú. Àwọn orúkọ náà kò sí nínú máàpù kankan. Díìsìkì kékeré kan tí Àníọlá ń so mọ́ kọ̀ǹpútà ni ó kó wọn sí, pẹ̀lú ohùn àwọn àgbà mìíràn tí ó ti lọ bá káàkiri abúlé. Díìsìkì kan ṣoṣo ni. Ó ti pa àwọn tó wà nínú kọ̀ǹpútà rẹ́ nítorí pé àyè há.

Àwọn àgbà kan sọ ọ̀rọ̀ àṣírí fún un: ibi tí wọ́n sin òkú wọn sí, ibi tí ààlà ilẹ̀ ẹbí dé. Àníọlá ti ṣèlérí fún wọn pé ẹlòmíràn kò ní gbọ́ ọ. Nítorí náà, nígbà tí olè kó kọ̀ǹpútà ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan lọ ní Ajah, ẹ̀rù bà á.

Linux ni kọ̀ǹpútà rẹ̀ ń lò. Ó kà á lórí íńtánẹ́ẹ̀tì pé bí iṣẹ́ bá pọ̀ jù fún kọ̀ǹpútà, yóò da díẹ̀ nínú ohun tó gbé dání sí apá kan lára díìsìkì. Apá náà ni wọ́n ń pè ní súwọ́pù. Olè tó bá mọ̀ ọ́n ṣe lè yẹ ibẹ̀ wò, kí ó sì rí ohun tí ẹni tó ni kọ̀ǹpútà ti ṣí. Ṣùgbọ́n a lè fi kọ́kọ́rọ́ àṣírí tì í. Nígbàkígbà tí kọ̀ǹpútà bá tàn, yóò ṣe kọ́kọ́rọ́ tuntun, yóò nu ojú ibẹ̀ mọ́, yóò sì bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun.

Àníọlá ṣe é. Díìsìkì kejì tó wà nínú kọ̀ǹpútà ló yàn fún súwọ́pù. Ó wo orúkọ tí kọ̀ǹpútà ń pè é, ó rí sdb1. Ohun tí ó tẹ̀ sínú fáìlì ètò tí wọ́n ń pè ní crypttab nìyẹn. Ó ṣiṣẹ́ dáadáa. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀.

Òjò ń rọ̀ ní òwúrọ̀ Sátidé kan. Iná lọ, kọ̀ǹpútà kú, iná tún dé. Àníọlá tan kọ̀ǹpútà padà. Díìsìkì kékeré náà ṣì wà lára rẹ̀ bí ó ṣe fi í sílẹ̀. Kò fura. Ó ṣí àwọn àwòrán ńláńlá tí ó yà ní abúlé, ó ń tún wọn ṣe, òjò ń lu páànù, àfi bí ẹni pé gbogbo Jákàńdè ti léfòó sórí omi tó ń gbé e lọ jẹ́jẹ́.

Nígbà tí òjò dá, ó fẹ́ gbọ́ ohùn Bàbá. Kọ̀ǹpútà ní òun kò mọ ohun tó wà nínú díìsìkì náà. Ṣé kí òun pa á rẹ́ kí ó lè ṣeé lò?

Àníọlá kò gbà fún un. Ó pe Fúnláyọ̀, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti yunifásítì, tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà tó sì ń gbé ní ẹ́sítéètì VGC.

"Má tẹ nǹkan kan mọ́," ni Fúnláyọ̀ wí. "Ṣé o gbọ́? Pa kọ̀ǹpútà. Yọ díìsìkì yẹn, kí o máa gbé e bọ̀."

Àníọlá kò mọ bí òun ṣe dé ibẹ̀. Ó kàn rí i pé ẹ̀sípíréèsì ń tàn yinrin lẹ́yìn òjò, àwọn ilé gíga dojú kọlẹ̀ nínú adágún omi ẹ̀bá títì. Ní géètì VGC, ẹ̀ṣọ́ ní kí ó ṣí báàgì rẹ̀.

"Kí lẹ gbé dání, Àǹtí?"

"Ohùn bàbá kan," ni Àníọlá dáhùn. Ọkùnrin náà wò ó títí, ó sì ní kí ó wọlé.

Fúnláyọ̀ so díìsìkì náà mọ́ kọ̀ǹpútà tirẹ̀ lọ́nà tí nǹkan kan kò fi ní kọ sí i lára mọ́. Ó wò ó, ó mí kanlẹ̀.

"Níọlá, kí lo kọ sínú crypttab?"

"Sdb1. Orúkọ díìsìkì inú nìyẹn."

"Orúkọ ìjókòó ni, kì í ṣe orúkọ ẹni tó jókòó. Ẹni tó bá tètè dé ló ń jókòó síbẹ̀. Òwúrọ̀ yìí, díìsìkì ìta rẹ ló tètè dé, òun ló gba sdb. Ti inú bọ́ sí sdc. Kọ̀ǹpútà lọ sí ibi tí o ní kó lọ, ó sì nu ojú ẹni tó bá níbẹ̀."

"Èmi fúnra mi ni mo ní kí ó pa á rẹ́?"

Fúnláyọ̀ ń bá a lọ láti yẹ díìsìkì náà wò. "Kí ló wá yẹ kí n kọ?" ni Àníọlá tún béèrè.

"PARTUUID. Nọ́ńbà ìdánimọ̀ apá náà ni, kì í yí padà. Tàbí kí o lo orúkọ tó wà lábẹ́ by-id, tó ń fi nọ́ńbà tí wọ́n fún díìsìkì nílé iṣẹ́ tó ṣe é hàn."

"Mo rí UUID níbì kan."

"UUID lásán ò ní bá a mu. Inú apá tí súwọ́pù ń nù ni ìyẹn máa ń wà, yóò bá a parẹ́. PARTUUID kò sí nínú apá náà, inú àkọsílẹ̀ díìsìkì fúnra rẹ̀ ló wà."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohun tó kù. Ibi tí súwọ́pù kò tíì kọ nǹkan sí, ohùn ń jáde díẹ̀díẹ̀. Ibi tó ti da àwọn àwòrán ńlá yẹn sí, ariwo ṣìì lásán ni. Ọ̀rọ̀ àwọn àgbà yòókù padà fẹ́rẹ̀ẹ́ pé. Èyí tó pọ̀ jù nínú ti Bàbá Akínọ̀ṣọ́ ló lọ. Ohùn rẹ̀ á wọlé láti ọ̀nà jíjìn, á sọ gbólóhùn kan, á sì rì.

Àníọlá gbé ìyókù lọ bá Ìyá Bọ̀sún, àbúrò Bàbá, ní abúlé. Wọ́n jókòó sórí ọkọ̀ tí wọ́n dojú rẹ̀ dé nínú iyanrìn. Ó fi ẹ̀rọ ìgbọ́hùn kan sí Ìyá létí, ó fi ìkejì sí etí tirẹ̀.

"Tí o bá rí àgbọn tó dá dúró," ni Bàbá wí, "yí ojú ọkọ̀ sí..."

Ṣìì.

"Sí ibi tí oòrùn ti ń là," ni Ìyá Bọ̀sún parí rẹ̀, ojú wọn dì. "Omi Arúgbó nìyẹn. Bàbá wa ló fi hàn wá."

Àníọlá yára tan ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ rẹ̀. Orúkọ mélòó kan tún jáde lẹ́nu Ìyá. Lẹ́yìn náà, Ìyá wo ọkọ̀ òkun ńlá kan tó dúró lókèèrè.

"Àwọn ibi tó kù jìnnà sínú omi. Wọn kì í gbé obìnrin dé ibẹ̀. Bùọ̀dá mi nìkan ló mọ̀ wọ́n."

Wọ́n gbọ́ gbólóhùn Bàbá náà lẹ́ẹ̀kan sí i, àwọn méjèèjì.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lo Linux, ẹ jọ̀wọ́, bí ẹ bá fẹ́ ti súwọ́pù yín, ẹ má fi sda tàbí sdb júwe rẹ̀. PARTUUID tàbí orúkọ by-id ni kí ẹ kọ, kí ẹ sì fi wé díìsìkì gan-an kí ẹ tó tan kọ̀ǹpútà padà. Ẹ máa yọ díìsìkì ìta kúrò lára kọ̀ǹpútà kí ẹ tó pa á tàbí tàn án. Bí nǹkan bá ti bàjẹ́ ná, ẹ pa ẹ̀rọ lójú ẹsẹ̀, ẹ má kọ ohunkóhun sí díìsìkì náà mọ́, kí ẹ wá ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe. Ṣùgbọ́n ṣáájú gbogbo èyí, ohun tí ẹ kò bá lè rí gbà padà lẹ́nu ẹnikẹ́ni mọ́, ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ síbòmíràn lónìí.