Omi Nínú Táǹkì Porsche

Agogo mẹ́rin ọ̀sán, nínú ààwẹ̀, ni Porsche Dókítà Yínúsà kú sẹ́nu géètì. Ó wúkọ́, ó gbọ̀n, ó dákẹ́. Mùtàlíbù, mẹkáníìkì tó ti ń tọ́jú rẹ̀ láti ọdún mẹ́wàá, sáré dé. Ó tú díẹ̀ nínú epo ìsàlẹ̀ táǹkì sínú ìgò funfun. Bẹntiróòlù léfòó lókè. Omi lásán ló wà nísàlẹ̀.

"Wọ́n ti pa mí," ni Yínúsà wí, ó sì pe ọlọ́pàá.

Ó yẹ kó ké. Agogo mẹ́fà ni Adéfọlá, ọlọ́kọ̀ bíi tirẹ̀, ń bọ̀ láti Èkó pẹ̀lú Ferrari pupa kan tó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún. Pàṣípààrọ̀ ni wọ́n fẹ́ ṣe. Bí Porsche kò bá rìn, ẹlòmíràn ti ń dúró de Ferrari náà.

Orí ọ̀kadà ni Hasanat, ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ní Àgọ́-Ìwòyè, bá dé. Ó wo ọkọ̀ náà látòkè délẹ̀. Àwọn kan ń ṣa ọkọ̀ bí ẹni ń ṣa tòmátì, òun ń bá ọlọ́kadà ná ọjà! Ó gbé ìlara tirẹ̀ mì, ó dojú kọ iṣẹ́.

Bẹntiróòlù ti ta sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀. Kẹ́ẹ̀gì kan tó kún fún un wà lẹ́yìn ògiri, pẹ̀lú rọ́bà gígùn kan. Àpá eyín wà lẹ́nu rọ́bà náà.

"Ṣé ẹ rọ epo kún táǹkì lónìí, sà?"

"Bámúbámú, láàárọ̀. Ilé ló wà nígbà tí mo fẹsẹ̀ rìn lọ mọ́ṣáláṣí."

"Nígbà náà, ẹni tó fẹ́ da omi sí i gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fa epo jáde. Ẹnu ló fi fà á. Nígbà tí ẹ wà ní mọ́ṣáláṣí, ta ló wà nílé?"

"Mẹ́ta péré. Abibat ìyàwó mi, Mùtàlíbù, àti Ùsmán ọ̀rẹ́ mi láti Ìjẹ̀bú-Igbó."

Ilé ìdáná ni Hasanat ti bá Abibat. Ariwo ló ń pa.

"Ta ló ṣí ìgò epo pupa mi sílẹ̀? Mi ò tíì dáná o! Ẹ wò ó bó ṣe kán dé ẹnu ọ̀nà!"

"Màmá, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni mo bá wá."

"Ọkọ̀ wo? Orogún mi ni ẹ ń pè ní ọkọ̀? Bí òjò bá ṣú, òun ni ọkọ mi ń sáré lọ bò. Aṣọ tí mo sá, kó tutù. Wọ́n tún wá fẹ́ gbé ìyàwó pupa wọlé. Tó bá jẹ́ èmi ni, òkúta ni n bá sọ lu gíláàsì rẹ̀, n bá sì jókòó kí ẹ wá mú mi."

Hasanat fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó bọ́ síta bá Mùtàlíbù.

"Wọ́n ní Ferrari yẹn ní mẹkáníìkì tirẹ̀ ní Èkó."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ó ń dùn mí dé egungun." Ó fa pọ́ǹpù kékeré kan tó ti gbó yọ nínú àpótí iṣẹ́ rẹ̀. "Ṣùgbọ́n èyí ni mo fi ń fa epo. Bẹntiróòlù bó ètè mi nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́. Mi ò fi ẹnu fà á mọ́ láti ọjọ́ náà."

Ó ku Ùsmán. Abẹ́ igi máńgòrò ló jókòó sí, ó wọ jàlàbíà funfun, ó ń fa tẹ̀sùbáà. Oníṣòwò pákó ni. Òun náà ní Porsche, ṣùgbọ́n orí búlọ́ọ̀kù ni tirẹ̀ wà láti ọdún mọ́kànlá, koríko ti gba inú rẹ̀ jáde.

"Mo ti kìlọ̀ fún Yínúsà," ni ó wí. "Kó tó lè pààrọ̀ bẹ́líìtì tó ń yí nínú Ferrari yẹn, wọ́n gbọ́dọ̀ sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀. Ta ló máa ṣe é ní Àgọ́-Ìwòyè? Ìtọ́jú rẹ̀ á sọ ọ́ di aláìní."

"Ẹ ti fi nǹkan kan ẹnu lónìí, sà?"

"Nínú ààwẹ̀ kẹ̀? Láti ìgbà sàárì, itọ́ pàápàá ni mò ń tu dànù."

Ó gùfẹ̀. Ó yára fi ọwọ́ bo ẹnu. Òórùn bẹntiróòlù ti dé imú Hasanat, ó sì ti rí etí ọwọ́ jàlàbíà náà. Ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú.

Ó pe gbogbo wọn jọ.

"Ẹ̀yin lẹ fa epo yẹn, sà. Ó já sí yín lọ́fun, ẹ gbé e mì. Ẹ̀rù ikú bà yín, ẹ sáré lọ mu epo pupa, bí àwọn ìyá wa ṣe máa ń fún ẹni tó bá gbé májèlé mì. Ẹ nu ẹnu, ẹ gbàgbé láti dé ìgò. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, báwo lepo pupa ṣe dé ara aláàwẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀?"

Tẹ̀sùbáà bọ́ lọ́wọ́ Ùsmán.

"Ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà," ni Yínúsà wí jẹ́jẹ́. "Ìwọ, Ùsmán?"

"Èmi ni mo kọ́kọ́ ra Porsche! Èmi ni mo mú ọ jókòó sínú ẹ̀, tí mo ní kí o gbọ́ bó ṣe ń ké. Tèmi kú, mi ò rówó tọ́jú ẹ. Tìrẹ ń lọ, mo ń fara dà á, torí a ṣì jọ jẹ́ ẹgbẹ́. Ferrari ni mi ò lè fara dà. Mi ò tiẹ̀ ha Porsche rẹ lára, Yínúsà. Omi ṣeé gbọ́n dànù. Kó ṣáà ti má rìn lónìí, kí Adéfọlá máa lọ."

Hasanat ní kí Ùsmán jókòó síbẹ̀. Mùtàlíbù gbọ́n táǹkì, ó fọ̀ ọ́, ó da epo tuntun sí i. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó lu mẹ́fà nígbà tí Porsche ké, tí kò sì kú mọ́. Kò pẹ́, Ferrari wọlé. Abibat pàápàá jáde wá wò ó.

Ùsmán dìde. Ó tẹ́tí sí ẹ́ńjìnnì náà, ojú rẹ̀ yí padà.

"Yínúsà, má gbà á. Gbọ́ ìró yẹn. Bẹ́líìtì rẹ̀ ti fẹ́ já. Tó bá já, ẹ́ńjìnnì bá a lọ nìyẹn. Mo fi Ọlọ́hun búra."

Adéfọlá rẹ́rìn-ín, ó ní kò sí nǹkan kan tó ṣe bẹ́líìtì òun.

Yínúsà wo ọ̀rẹ́ rẹ̀ títí. Hasanat náà wò ó. Ọdún mẹ́rìnlá ló ti fi ń gbọ́ irọ́ lẹ́nu iṣẹ́, èyí kò sì jọ irọ́ létí rẹ̀. Ó ṣí ẹnu láti sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n Yínúsà ti kẹ̀yìn sí wọn, ó ti na kọ́kọ́rọ́ Porsche sí Adéfọlá.