Èèkàn Ẹ̀yìn Balùwẹ̀

Nínú gbogbo èèkàn tí Jubril kàn mọ́lẹ̀ láti Màpó dé Àrẹ̀mọ, ẹyọ kan ṣoṣo ni kò dúró síbi tó fi í sí. Ẹ̀yìn balùwẹ̀ agboolé baba rẹ̀ gan-an lèyí wà. Ó ti sún ní ìṣísẹ̀ kan.

Jubril ló ń fi èèkàn la ọ̀nà tí páìpù omi tuntun máa gbà, kì í sì í ṣe ọ̀lẹ. Àwọn kan á jókòó sí ọ́fíìsì l'Ágodi, wọ́n á fa ìlà gbọọrọ sórí máàpù, wọ́n á ní iṣẹ́ ti parí. Ìyẹn kọ́ niṣẹ́! Nílé àtijọ́ n'Ìbàdàn, inú agboolé là ń sin òkú sí, simẹ́ńtì sì ti bo ọ̀pọ̀ ojú oórì. Jubril á fẹsẹ̀ rìn ín, á kí baálé, á bi wọ́n níbi táwọn òkú wọn wà, á sì yà fún wọn.

Agboolé tirẹ̀ nìkan ni kò ti béèrè. Báwo ni yóò ṣe béèrè? Ọdún mẹ́rin sẹ́yìn ni Zulaihat, àkọ́bí rẹ̀, kú lọ́mọ ọdún márùn-ún. Wọ́n ní kí òun àti ìyàwó rẹ̀ jókòó sí yàrá, Bàbá Ishaq, àbúrò baba rẹ̀, sì gbé òkú náà lọ sin. Èèwọ̀ ni kí òbí mọ ojú oórì ọmọ. Ó yẹ kó ní kí ẹlòmíràn bá òun béèrè, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà á. Ó fa ìlà náà tààrà.

Ó dá èèkàn padà. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ó tún ti sún. Ipa ẹsẹ̀ ọmọdé tí kò wọ bàtà wà nínú ẹrẹ̀. Hikmat, àbúrò Zulaihat, ọmọ ọdún mẹ́ta, nìkan lọmọdé tó kù nílé, ẹsẹ̀ yìí sì ju tirẹ̀ lọ.

Jubril pe Bàbá Ishaq. Bàbá wo èèkàn, wọn ò wojú rẹ̀.

"Yí ọ̀nà yẹn kúrò níbí, Jubril. Má bi mí nídìí."

Kò kúkú bi wọ́n. Ohun tí kò yẹ kó mọ̀ ti yé e. Ó sunkún níbẹ̀ bí ẹni pé òní lọmọ náà kú. Bàbá rọra sọ pé kì í ṣe páìpù ló ń ba òun lẹ́rù: òbí tó bá mojú oórì ọmọ kan, ó sábà máa ń tún padà síbẹ̀ lọ sin òmíràn.

Jubril yí ìlà náà kúrò. Odindi ọjọ́ mẹ́ta, èèkàn ò mira, ọkàn rẹ̀ wá balẹ̀ díẹ̀. Láàárọ̀ Àlàmísì, àwọn tó fẹ́ gbẹ́lẹ̀ dé. Ó ń mu ẹ̀kọ lọ́wọ́ nígbà tí Hikmat wá jókòó lé e lẹ́sẹ̀. Ọdún kan lẹ́yìn ikú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni wọ́n bí i, kò sì sẹ́ni tó dárúkọ ẹ̀gbọ́n náà létí rẹ̀ rí.

"Bàbá, Zulaihat ní kí páìpù yẹn tún sún díẹ̀ sí i. Ó ní àyè tòun nìkan lẹ fi sílẹ̀."

Jubril fọwọ́ kan ọrùn ọmọ náà. Ó gbóná janjan. Níta, àwọn òṣìṣẹ́ ń pè é, wọ́n ní kó wá fi ibi táwọn máa gbẹ́ han àwọn.