Ọ̀fẹ́ Tí A Fi Etí San

Tí ọkọ̀ bá wọ ọgbà mẹkáníìkì yẹn láàárọ̀, ohun kan náà ló máa ń ṣẹlẹ̀. Bàbá á ṣí iwájú ọkọ̀, á ní kí ọlọ́kọ̀ tan ẹ́ńjìnnì, á wá ká apá sẹ́yìn, á sì wo ọmọbìnrin rẹ̀.

"Kí ló ń sọ?"

Ọmọ náà á tẹ́ etí sílẹ̀. "Bẹ́líìtì ẹ̀ ti fẹ́ já, Bàámi. Nǹkan kan sì tún ń lu irin nísàlẹ̀."

Wọ́n á tú u wò, bẹ́ẹ̀ náà ló máa rí. Ìdí nìyẹn tí àwọn oníbàárà fi ń pè é ní Elétí-Ehoro. "Bàbá yìí mọ ọmọ kọ́ níṣẹ́ o," ni wọ́n máa ń wí. "Ó ti mọ̀ ọ́n, ó kàn fẹ́ kí ọmọ fẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́ ni." Bàbá á rẹ́rìn-ín músẹ́.

Àṣà kan tún wà nínú ọgbà náà. Tí wọ́n bá fẹ́ fi ẹ̀rọ lọ irin, Bàbá á já òwú, á kì í bọ etí méjèèjì, á na ìyókù sí ọmọ rẹ̀. "Òwú ni asà etí," ni yóò wí. Ẹni tó kọ́ ọ níṣẹ́ ló sọ bẹ́ẹ̀ fún un, ta ló sì fẹ́ bi ọ̀gá nídìí ọ̀rọ̀?

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan nígbà ooru, ọ̀rẹ́ Elétí-Ehoro, onídìrí tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lódìkejì títì, sáré wọlé tòun ti fóònù lọ́wọ́.

"Ìwọ, wọ́n fẹ́ ṣe àjọ̀dún orin ọlọ́jọ́ mẹ́ta ní pápá! Gbogbo àwọn olórin tá a fẹ́ràn ló ń bọ̀."

"Ta ló máa ra tíkẹ́ẹ̀tì fún wa? Àwa tá ò tíì jẹun ọ̀sán."

"A ò ní rà á. Wọ́n ń wá àwọn tó máa yọ̀ǹda ara wọn. Tó o bá ti bá wọn ṣiṣẹ́, ọ̀fẹ́ lo máa wọlé. Wọ́n á tún fún ẹ lẹ́wù."

"Irú iṣẹ́ wo ni?" Bàbá béèrè lábẹ́ ọkọ̀, lẹ́yìn tí wọ́n ti tún ọ̀rọ̀ náà sọ fún un lẹ́ẹ̀mejì.

"Ká kàn dúró ni, Bàbá. Ìdúró lásán."

Ìdúró lásán! Ẹ gbọ́ ọ o. Nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sẹ́ni tó béèrè ibi tí wọ́n máa dúró sí, tàbí bí ìdúró náà ṣe máa pẹ́ tó. Wọ́n kàn ti dárúkọ ọ̀fẹ́, ọ̀rọ̀ ti parí.

Láàárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́, alábòójútó wọn, géńdé kan tí ohùn rẹ̀ ti há, pín ẹ̀wù àwọ̀ ọsàn fún wọn. Ó tún fún kálukú ní fóòmù kékeré méjì. "Ẹ fi dí etí yín o," ó wí, ó sì ti kọjá sọ́dọ̀ ẹlòmíì. Kò fi bí wọ́n ṣe ń lò ó hàn wọ́n.

Wọ́n fi onídìrí sẹ́nu ọ̀nà, níbi tí wọ́n ti ń so ọ̀já ìwọlé mọ́ èrò lọ́wọ́. Wọ́n fi Elétí-Ehoro sídìí irin tó wà níwájú pèpéle, kó máa ṣọ́ èrò kí wọ́n má baà gùn ún. Sípíkà kan tó ga ju kọ́bọ́ọ̀dù lọ wà lápá òsì rẹ̀. Ẹ̀yìn ló sì máa kọ sí olórin, èrò ló máa kọjú sí. Orin ọ̀fẹ́ tó torí ẹ̀ wá, kò ní rí ẹni tó ń kọ ọ́.

Ó ki fóòmù bọ etí, ayé dákẹ́ lójijì. Ara rẹ̀ kọ̀ ọ́. Òun tí gbogbo àdúgbò fi etí mọ̀, kóun wá dúró láàárín èrò bí adití? Ó yọ wọ́n, ó kó wọn sápò. Ó mú òwú bíi ti Bàbá, tó kó wá láti ilé, jáde, ó fi dí etí. Àṣìṣe tó ṣe nìyẹn.

Orin bẹ̀rẹ̀ lọ́sàn-án, kò dáwọ́ dúró títí ilẹ̀ fi ṣú. Ohùn sípíkà ń gbá a láyà, irin tó dì mú ń gbọ̀n. Inú rẹ̀ dùn, ká má parọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ń lọ sílé, ó dà bíi pé omi wà létí rẹ̀, ohùn kan sì ń dún fín-ín bí ẹ̀fọn.

"Mi ò gbọ́ ẹ dáadáa," ó sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀.

"Bó ṣe máa ń ṣe gbogbo ẹni tó bá ti ibi orin bọ̀ nìyẹn. Sùn, á lọ."

Nígbà tó jí, ó dín kù lóòótọ́. Ló bá padà lọ lọ́jọ́ kejì, ó tún lọ lọ́jọ́ kẹta, ibi kan náà, òwú kan náà. Lẹ́yìn ọjọ́ kẹta, ohùn náà kò lọ mọ́, etí òsì sì di pátápátá, tọ̀tún náà kò sì gbọ́ ohùn tín-ín-rín mọ́.

Bàbá ò bínú. "Ó rẹ etí yẹn ni. Jẹ́ kó sinmi." Ó yọ́ òróró, ó kán an sí i. Òróró ò ṣe nǹkan kan. Wọ́n ń retí ọ̀la, ọ̀la ń di ọ̀sẹ̀. Elétí-Ehoro kò sọ bó ṣe burú tó fún ẹnikẹ́ni, torí ẹ̀rù ń bà á. Kí ni wọ́n máa pe òun tí etí yìí ò bá sí mọ́?

Ó wá di ọjọ́ kan, awakọ̀ kan gbé ọkọ̀ rẹ̀ wá. Bàbá ní kó tan ẹ́ńjìnnì.

"Kí ló ń sọ?"

Ọmọ náà tẹ́ etí ọ̀tún sílẹ̀. Ariwo ẹ́ńjìnnì àti fín-ín tó wà nínú orí rẹ̀ nìkan ló ń gbọ́. Bàbá ń wò ó, awakọ̀ ń wò ó.

"Kò sọ nǹkan kan, Bàámi. Ó dáa."

Kí ilẹ̀ tó ṣú, okùn ni wọ́n fi wọ́ ọkọ̀ náà padà. Ẹ́ńjìnnì ti kú sójú ọ̀nà, ọkọ̀ ẹ̀yìn sì ti kọ lù ú. Awakọ̀ di aṣọ mọ́ orí, ẹ̀jẹ̀ ti rin ín.

"Ẹ ẹ̀ gbọ́ ọ ni?" ló ń bi wọ́n. "Èmi tí mi ò mọ iṣẹ́ yín, mo gbọ́ ọ, ìdí tí mo fi wá nìyẹn. Ẹ̀yin méjèèjì dúró tì í, ẹ ò gbọ́ ọ?"

Elétí-Ehoro bú sẹ́kún. Ibẹ̀ ló ti jẹ́wọ́ pé etí òun ò gbọ́ dáadáa mọ́.

Ní ilé ìwòsàn, dókítà etí, ìyá kan tó máa ń kọjú síni kó tó sọ̀rọ̀, mú un wọ yàrá kékeré kan tí ariwo kì í wọ̀. Ó fi ẹ̀rọ bò ó létí. "Tó o bá ti gbọ́ ohùn, tẹ bọ́tìnnì yìí." Elétí-Ehoro ń wo ìka dókítà láti ojú gíláàsì. Ìka náà ń tẹ ẹ̀rọ, ó ń tẹ̀ ẹ́, ọwọ́ tirẹ̀ kò kúrò lójú kan.

"Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀?"

"Ó ti lé lọ́sẹ̀ mẹ́ta, mà." Ó ròyìn sípíkà, òwú, àti fóòmù tó kó sápò fún un.

Dókítà mí kanlẹ̀. "Ká ní ẹ wá lọ́jọ́ kejì ni, oògùn wà tí à bá tètè gbìyànjú. Ọmọ mi, àwọn nǹkan kéékèèké bí irun ló wà nínú etí lọ́hùn-ún, àwọn ló ń bá wa gba ohùn. Ariwo ńlá máa ń pa wọ́n. Tí wọ́n bá sì ti kú, wọn kì í hù mọ́."

"Ó fi òwú dí i o," Bàbá sọ.

"Òwú kì í dá ariwo dúró, Bàbá. Fóòmù tó kó sápò yẹn ni ì bá gbà á."

Elétí-Ehoro nu ojú. "Ìgbà tí ibi gbogbo bá dákẹ́ ló burú jù, mà. Á máa dún fín-ín. Kì í sinmi."

Bàbá rẹ́rìn-ín, bí ẹni tó fẹ́ tu ọmọ nínú. "Ìyẹn kì í ṣe àìsàn. Ṣebí bí ibi tó dákẹ́ ṣe ń dún nìyẹn?"

Dókítà yíjú sí i. "Ẹ ní kí ni, Bàbá?"

"Fín-ín yẹn. Ṣé kì í ṣe gbogbo èèyàn ló ń gbọ́ ọ ni?"

"Rárá, Bàbá," dókítà fohùn pẹ̀lẹ́ wí. "Ibi tó dákẹ́ kì í dún."

Bàbá wo ọmọ, ọmọ wo Bàbá. Gbogbo "kí ló ń sọ?" àtẹ̀yìnwá wá yé Elétí-Ehoro lẹ́ẹ̀kan náà. Kì í ṣe pé Bàbá ń dán òun wò. Kò gbọ́ ọ ni. Etí ọmọ ni ọgbà náà fi ń jẹun, ọmọ sì ti ná an tán níwájú sípíkà, kò mọ̀ pé kò sí òmíràn nílé.

Lónìí, òwú ti kúrò nínú ọgbà náà. Ìbòtí gidi ló rọ̀ mọ́ ìṣó lára ògiri, kò sì sẹ́ni tó ń lọ irin láìgbé e wọ̀. Ṣùgbọ́n àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Tí ọkọ̀ bá wọlé nísinsìnyí, bàbá àti ọmọ á dúró tì í, wọ́n á kọjú sí ọlọ́kọ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ gbọ́?"

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, a ò ní kẹ́ ẹ má lọ síbi orin, a ò sì ní kẹ́ ẹ má yọ̀ǹda ara yín. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Kẹ́ ẹ tó gbà, ẹ béèrè ibi tí wọ́n máa fi yín sí, iye wákàtí tẹ́ ẹ máa lò níbẹ̀, àti ìgbà tẹ́ ẹ máa kúrò nídìí ariwo láti sinmi. Tó bá jẹ́ ìdí sípíkà ni, ẹ ní kí wọ́n máa pààrọ̀ yín. Ẹ fi fóòmù dí etí: ẹ yí i kó tín-ín-rín, ẹ fa etí sókè, ẹ tì í wọ inú ihò etí, kẹ́ ẹ dì í mú títí á fi wú. Ẹ má lo òwú. Ẹ má kán òróró sí etí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín náà, kódà kó jẹ́ pé ọ̀gá yín ló kọ́ yín ní ti òwú.

Tí etí bá di lẹ́yìn ariwo, tàbí tó ń dún, ẹ má ní, "Sùn, á lọ." Ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ lọ lọ́jọ́ kejì, kì í ṣe ọ̀sẹ̀ kẹta.

Lálẹ́ òní, kó o tó sùn, pa rédíò, pa fóònù, kó o sì tẹ́tí. Ibi tó dákẹ́ kì í dún. Tí tìẹ bá ń dún, lọ rí dókítà lọ́la.