Ẹja Tó Wọ Ṣòkòtò

Kí n tó fi ìka tọ́ ẹnikẹ́ni, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fi tọ́ imú ara mi. Èmi ìyá arúgbó yìí, èmi náà bá wọn lọ dẹ ẹja fàájì. Wọ́n tì mí sínú ọkọ̀ ojú omi, ìdí mi fẹ́rẹ̀ẹ́ dojú ọkọ̀ náà dé. Mo ju ìwọ̀ sómi, kí n tó ka ení, èjì, ẹja àrọ̀ kan tó tó ọmọ ọdún mẹ́ta fà á. Mo pariwo, mo jó, gèlè mi bọ́ sómi. Wọ́n yà mí ní fọ́tò. Nígbà tó di ọjọ́ Ìsinmi, mo gbé fọ́tò náà lọ síwájú ìjọ, mo jẹ́rìí pé Ọlọ́run ti sọ ìgbà ogbó mi dọ̀tun. Gbogbo ìjọ pàtẹ́wọ́. Irọ́ ni. Mi ò mọ̀ pé irọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹnu mi ló gbé e kiri, ẹnu mi ò sì kéré.

Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ìwé ìwàásù yìí.

Akíndúró ni orúkọ ọkùnrin tó kó wa lọ dẹ ẹja yẹn. Ọmọ Ọ̀wọ̀ ni, Bódìjà ló ń gbé, ó sì ní ọ́fíìsì ní Ring Road. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti kó àwọn ènìyàn ńláńlá lọ sí adágún omi kan lẹ́yìn Mọníyà, kí wọ́n fi ọ̀pá ìwọ̀ dẹ ẹja níbẹ̀. Kì í ṣe ẹja jíjẹ o. Bí wọ́n bá ti mú un, wọn á yà á ní fọ́tò, wọn á dá a padà sómi. Akíndúró ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílùú òyìnbó nìyẹn.

Ṣùgbọ́n kò sí ẹja ńlá nínú omi náà mọ́. Àwọn apẹja ti fi àwọ̀n olójú wẹ́wẹ́ gbá a mọ́. Ni Akíndúró bá ra àrọ̀ mẹ́rin lọ́dọ̀ àwọn tó ń sin ẹja, ó kó wọn sínú àwọ̀n tó so mọ́ abẹ́ ọkọ̀. Ó wá gba òmùwẹ̀ kan síṣẹ́, Abdulrauf, bàbá ọmọ méjì tó ń gbé ní Agbówó. Abdulrauf á fara pamọ́ sínú omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, lábẹ́ tápólì tí wọ́n ta bo ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ náà. Bí oníbàárà bá ju ìwọ̀, òun á rì wọ abẹ́ omi, á fi ìwọ̀ kọ́ ẹja lẹ́nu, á fa okùn. Bí wọ́n bá ya fọ́tò tán, Akíndúró fúnra rẹ̀ ní í dá ẹja padà, tààrà sínú àwọ̀n.

Ẹja tí mo mú yẹn, ẹni mẹ́tàdínlógún ló ti mú un ṣáájú mi! Ètè rẹ̀ ti ya bí àkísà. Mo rí i pé ó ya, mo rò pé bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn. Àgbà òmùgọ̀!

Èyí tó bí mi nínú jù ni pé kí wọ́n tó ju ìwọ̀, Akíndúró á ní kí gbogbo wọn dijú. Á sọ ìtàn àwọn ọmọ-ẹ̀yìn tí wọn ò rí ẹja pa, tí Jésù sì ní kí wọ́n ju àwọ̀n sí apá ọ̀tún. Á wá kígbe pé, "Ẹ̀yin náà, apá ọ̀tún!" Kí ló wà lápá ọ̀tún? Abdulrauf ni. Orúkọ Olúwa gan-an ni ọkùnrin yìí fi ṣe tápólì.

Luke, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, ló ń wa ọkọ̀ náà. Onítẹ̀bọmi ni.

"Akín, fi nǹkan yìí sílẹ̀," Luke a máa sọ. "Ọlọ́run kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹni tí à ń bá ṣeré."

"Pásítọ̀ ojú omi, wa ọkọ̀ ẹ," Akíndúró á fèsì.

Ní Sátidé kan, ọ̀gá báǹkì kan láti Dùgbẹ̀, Jẹ́jẹ́lọlá lorúkọ rẹ̀, kó àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ mẹ́rin wá. Wọ́n dijú, wọ́n gbọ́ ìtàn, ọ̀gá náà ju ìwọ̀ sápá ọ̀tún.

"Ó ti mú o! Ẹ wá wo bó ṣe ń fà!"

Ọ̀pá ìwọ̀ tẹ̀ bí ọrun. Àwọn òṣìṣẹ́ yọ fóònù, wọ́n ń ya fídíò. "Ọ̀gá wa! Ẹ má jẹ̀ẹ́ kó lọ! Ìyá ẹja!"

Akíndúró wo okùn náà, ẹ̀rín kú lẹ́nu rẹ̀. Ẹja a máa fà síhìn-ín, a máa fà sọ́hùn-ún. Èyí ń fà lọ sísàlẹ̀ ni, ojú kan náà. Ló bá gbọ́ ọ lábẹ́ ẹsẹ̀ ara rẹ̀, lára pákó ọkọ̀: kò, kò, kò. Ọwọ́ ènìyàn ni. Okùn ti lọ́ mọ́ Abdulrauf lẹ́sẹ̀, ó ti so ó mọ́ àwọ̀n ẹja.

Luke pa ẹ́ńjìnì. "Akín, Abdulrauf nìyẹn."

"Ẹja ni."

"Mo ní Abdulrauf nìyẹn!"

"Dákẹ́! Mo ní ẹja ni."

Ṣé ẹ gbọ́? Bó bá jẹ́wọ́ pé ènìyàn ni, fídíò ń lọ lọ́wọ́, gbogbo Ìbàdàn á mọ̀ pé òpùrọ́ ni. Ó gbé ẹ̀mí ọmọ ọlọ́mọ sí apá kan òṣùwọ̀n, ó gbé orúkọ rere tí kò ní sí apá kejì, ó ń wọ̀n wọ́n! Pákó tún dún: kò, kò. Lẹ́yìn ìyẹn, kò dún mọ́.

Luke ti bẹ́ sómi, tòun ti ọ̀bẹ.

Nígbà tó gbé Abdulrauf jáde, ojú rẹ̀ ti yí. Luke tẹ àyà rẹ̀, ó ń tẹ̀ ẹ́, ó ń ké pe Jésù, ó tún ń tẹ̀ ẹ́, títí omi fi tú jáde lẹ́nu rẹ̀, tó sì wúkọ́.

Jẹ́jẹ́lọlá wo ìwọ̀ rẹ̀. Ó há sí ṣòkòtò Abdulrauf.

"Ẹja yín rèé?" Ó nawọ́ sí Akíndúró. "Ẹja tó wọ ṣòkòtò! Ìwọ ọkùnrin yìí, o ní kí n dijú gbàdúrà lórí èèyàn tó ń kú lọ?" Ó bọ́ bàtà, ó fi gbá a létí. Kí Olúwa má bínú sí mi, mi ò bá a wí.

Nígbà tí wọ́n gúnlẹ̀, wọ́n fi mọ́tò Jẹ́jẹ́lọlá gbé Abdulrauf lọ sí ọsibítù. Ó ku Akíndúró àti Luke létí omi, nínú ẹrẹ̀.

"Mo gbọ́ ọwọ́ ẹ̀, Luke."

"Mo mọ̀ pé o gbọ́."

"Mo ń gbàdúrà pé kó dákẹ́."

Luke ò rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. "Èmi náà mọ̀, mo sì ń wa ọkọ̀. Màá jẹ́jọ́ tèmi níwájú Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n gbọ́, Akín. O ti fi Jésù ṣe ìjẹ ẹnu ìwọ̀. Jésù yẹn, nítorí òpùrọ́ ló ṣe kú. Ẹni tó bá ní òun kì í ṣe òpùrọ́ ni kò ní rí nǹkan gbà lọ́wọ́ rẹ̀."

Akíndúró dojúbolẹ̀ nínú ẹrẹ̀. "Olúwa, ènìyàn ń lu pákó lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, mo pè é ní ẹja. Apààyàn ni mí. Mi ò ní irọ́ tí màá fi bora mọ́. Gbà mí."

Àdúrà yẹn ò dùn ún gbọ́. Àdúrà dídùn ló ti ń gbà láti ọdún méjì. Ọjọ́ yẹn ni Ọlọ́run kọ́kọ́ gbọ́ ohùn rẹ̀ gan-an.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, ó dúró níwájú ìjọ wa, ó tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀. Nígbà tó sọ̀rọ̀ débi ètè ẹja tó ya, gbogbo ìjọ yíjú wò mí. Mo fi ìwé orin bojú.

Ìwọ tí o ń ka ìwé yìí, bóyá ní gáréèjì Challenge ni wọ́n ti fi lé ọ lọ́wọ́, tí o sì fẹ́ fi pọ́n ẹ̀pà, dúró ná. Akíndúró ni mò ń bínú sí, ṣùgbọ́n ìwọ ni mò ń bá wí. Ta ló ń lu pákó lábẹ́ ẹsẹ̀ tìrẹ? Ìyàwó tí o ń parọ́ fún? Òṣìṣẹ́ tí o ń fi ẹ̀mí rẹ̀ ta tẹ́tẹ́? O ń gbọ́ ọ, o ń pè é ní ẹja. Má sọ fún mi pé ó dìgbà tí o bá kọ́lé tán, ó dìgbà tí ọdún bá yí. Pákó ò ní máa dún títí. Jésù ṣe tán láti gbà ọ́ lónìí, tìwọ ti ẹrẹ̀ ara rẹ. Sọ òtítọ́ fún un kí o tó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ tí o wà yẹn.

Má sì rò pé ìdáríjì Ọlọ́run á rin ìrìn ilé ẹni tí o ṣẹ̀ fún ọ. Ẹsẹ̀ ara rẹ ni wàá fi rìn ín. Akíndúró gba Agbówó lọ. Abdulrauf wà lórí ẹní, àyà rẹ̀ ṣì ń hó. Àrìnpé, ìyàwó rẹ̀, dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò fún un ní àga. Akíndúró dọ̀bálẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì, ó ní Ọlọ́run ti dárí ji òun, kí àwọn náà jọ̀ọ́ forí ji òun.



"Ọlọ́run yín mà tètè dáhùn o, Ọ̀gá," ni Àrìnpé wí. "Ṣé ó bi yín léèrè ọkọ mi?"